Orúkọ Tí Ọkọ̀ Ń Wá

Láti Òkèhò tí Fadérera ti gbé àbúrò ọkọ rẹ̀ sọ́kọ̀, ọkùnrin náà kò tíì la ẹnu. Bó ṣe ṣílẹ̀kùn ló ti fi ìka lé ètè. Ó wọlé, ó fa fìlà bo ojú, ó ká ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀ méjèèjì jọ sẹ́yìn ìjókòó, ó sì na ìwé pélébé kan sí i. Ohun tó kọ síbẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: “Bodè Òkèrètè, kó tó di aago mẹ́rin.” Ọkùnrin yìí kan náà ni, bó bá wọ ọkọ̀ ní Òkèhò lọ́jọ́ mìíràn, tí ìtàn tó bá bẹ̀rẹ̀ kì í parí títí wọ́n á fi dé Ṣakí. Fadérera bi í lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé kò sí, ó kàn mi orí. Nígbà kẹta, ó fi ìka tọ́ka sí iwájú ọkọ̀, níbi tí iná kékeré aláwọ̀ ewé ti máa ń tàn bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ̀rọ̀. Ni Fadérera náà bá pa ẹnu mọ́. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

“Màmá, ẹ kú ọ̀nà,” ni ọkọ̀ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ. “Iná wa ti ń lọ sílẹ̀. Ibùdó Ìdí-Emì wà níwájú. Ṣé ká yà síbẹ̀?”

“Ká yà,” ni Fadérera dáhùn.

Ohùn ọmọbìnrin ni ohùn ọkọ̀ náà, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé tó gbẹ̀kọ́. Bí ènìyàn bá ń gbọ́ ọ, á ṣe é bíi pé ó kúnlẹ̀ síbì kan lábẹ́ ìjókòó. Ọmọ Dáadáa ni àwọn awakọ̀ Òkè-Ògùn ń pè é, pẹ̀lú ètè tí wọ́n yọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí kò sí ọmọ kan láyé tó dáadáa tó bẹ́ẹ̀.

Aago méjì ti kọjá. Láti Ìdí-Emì dé bodè, bí ọkọ̀ bá ní iná nínú, ó tó ìrìn wákàtí kan. Bí kò bá ní, ẹ jẹ́ ká má sọ ọ́.

Ojú ọ̀nà mẹ́ta ló wà ní ibùdó náà. Èyí àkọ́kọ́ wà fún àwọn tó ń san owó oṣooṣù fún Ilé-iṣẹ́ Ìtànṣán tó ṣe ọkọ̀, àwọn ọ̀gá ìjọba àtàwọn oníkòkó ńlá ló sì ń gba ibẹ̀. Èkejì wà fún àwọn tó gba ẹ̀bùn ilé-iṣẹ́. Àwọn wọ̀nyí kì í san kọ́bọ̀, ìbéèrè mẹ́ta péré ni Ọmọ Dáadáa máa ń bi wọ́n, wọ́n á dáhùn, ọkọ̀ wọn á sì mu àmuyó kí ènìyàn tó jẹ àwo ẹ̀wà kan tán. Ẹ̀kẹta ni Ọ̀nà Ìgbín. Ẹnikẹ́ni kì í bi wọ́n ní ohunkóhun níbẹ̀, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́ta ni iná fi ń kán sínú ọkọ̀ wọn. Okùn kan náà ni, oòrùn kan náà ló ń pèsè iná inú wọn. Kò sí ọkọ̀ Ìtànṣán kankan tí kò lè mu kíákíá láti inú èyíkéyìí nínú wọn. Ẹni tó ṣe ọkọ̀ ló di ọ̀fun rẹ̀ mú, òun náà ló sì ń ta ìtúsílẹ̀.

Àwọn ará Ọ̀nà Ìgbín jókòó lábẹ́ àtíbàbà, wọ́n ń ta ayò, ẹnì kan ń sun àgbàdo. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láàárín wọn á kọ́kọ́ béèrè pé, “Ta ló kẹ́yìn?” Ẹni tó bá dáhùn ti di ẹlẹ́rìí rẹ̀ nìyẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọ́n á jọ pín omi, wọ́n á jọ pín ìròyìn. Bí ọkọ̀ Fadérera ti ń kọjá lọ sí ojú ọ̀nà kejì, gbogbo wọn dákẹ́. Bàbá Lánihún, tó dàgbà jù láàárín wọn, gbé ọmọ ayò dání, kò jù ú sílẹ̀ títí ọkọ̀ fi kọjá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí i. Fadérera mọ ohun tí wọ́n ń pè é lẹ́yìn, olófòófó ni. Ó ń dùn ún, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé ìlara ni.

Kó tó dé ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ kan tẹ̀ ẹ́ ní èjìká. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí igi emì kan tó wà níbi ọgbà iṣu, ó jìnnà. Ó tọ́ka sí fóònù rẹ̀, ó ṣẹ́wọ́ pé kó fi sílẹ̀.

“Màmá, ṣé kò sí?” ni Ọmọ Dáadáa béèrè.

“Mo fẹ́ yà sínú igbó díẹ̀,” ni Fadérera wí, ojú sì tì í láti sọ bẹ́ẹ̀ fún irin.

Lábẹ́ igi emì náà, ọkùnrin náà ṣí fìlà. Òógùn bò ó. Ó fa bébà kan yọ láti inú àpò ṣòkòtò, bébà tí wọ́n ti já lára ògiri, àtè ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀.

“Kà á,” ló wí.

Fadérera kà á. “À ń wá ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Agùntáṣọọ́lò. Ó ga. Òun ló ń tú ọkọ̀ wa sílẹ̀ láìgbàṣẹ káàkiri Òkè-Ògùn. Ohùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa. Ẹ̀wọ̀n ọdún méje ló ń dúró dè é. Ẹni tó bá sọ orúkọ àbísọ rẹ̀ fún ọkọ̀ rẹ̀ yóò gba iná kíákíá títí ayé.”

“Ọjà Òkèhò ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ láàárọ̀ yìí,” ni ọkùnrin náà wí. “Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ̀yin ni.”

“Ta ló ń pè mí bẹ́ẹ̀?”

Fadérera tún bébà náà kà.

Ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, lọ́jọ́ tí wọ́n mú un wọlé ọkọ, ọ̀dọ́mọkùnrin gígùn kan ló gba àpótí lórí rẹ̀. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. Ọmọ tí a bá nílé, bó ṣe ọmọ ọwọ́, àgbà ẹni ni, orúkọ tí ìyàwó bá fúnra rẹ̀ fi dá a lọ́lá ni yóò máa pè é dọjọ́ alẹ́. Fadérera wo ọmọ náà látòkè délẹ̀, ó rí i pé bó bá wọ agbádá kò ní wọ́ nílẹ̀, ló bá sọ ọ́ ní Agùntáṣọọ́lò. Ìyàwó àgbà ilé ní tirẹ̀ ń pè é ní Dúdúyẹmí. Àwọn tó ń tún nǹkan ṣe lọ́dọ̀ rẹ̀ ń pè é ní Ẹnjiníà. Òyédìran ni ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Nínú gbogbo ayé tí Ọlọ́run dá, ẹnu kan ṣoṣo ló ń pè é ní Agùntáṣọọ́lò.

“Ìyàwó, mo ti ń rò ó láti àárọ̀,” ni Òyédìran wí. “Mo fẹ́ kó o sọ ọ́ lójú mi. Kí ni wọ́n fún ọ?”

“Wọn ò fún mi ní nǹkan kan.”

“Iná kíákíá tó ò ń gbà láti ìgbà òjò ńkọ́? Ta ló ń fún ènìyàn ní iná lásán?”

“Ẹ̀bùn ni wọ́n pè é.” Fadérera na bébà náà padà sí i. “Ọmọ inú ọkọ̀ náà sọ fún mi pé mo ti bá wọn rìn lọ́dún mẹ́ta. Ó ní ṣé mo gbà kí àwọn máa fetí sí mi, kí àwọn lè mọ bí àwọn ó ṣe máa tọ́jú mi. Mo ní mo gbà. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n yín ti kú, ta ló tún ti ń fetí sí mi?”

“Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ìyàwó. Gbogbo ìgbà tó o bá ń wakọ̀, tó o pe ilé, tó o ní Agùntáṣọọ́lò ń bọ̀ wá wo ọkọ̀ Lámọlà, Agùntáṣọọ́lò ti tú ti Ràímì, iná kan ń tàn níwájú rẹ.”

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Fadérera mọ̀ pé òwe yẹn ló kàn, ṣùgbọ́n inú bí i pẹ̀lú.

“Ẹ̀yin náà ò sọ fún mi pé ẹ̀wọ̀n ọdún méje wà nínú rẹ̀,” ló wí. “Ẹ ní ẹ ń tún ọkọ̀ ṣe. Mo rò pé táyà ni, mo rò pé bíréèkì ni. Tí mo bá mọ̀, ṣé n ó máa fi ẹnu ṣeré?”

Òyédìran wò ó títí. Bóyá ó gbà á gbọ́ tàbí kò gbà á gbọ́, ojú rẹ̀ kò sọ. Ọkùnrin yìí ló dúró níwájú ẹbí lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ kó ẹrù opó jáde, tó ní kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan síbí kan. Òun ló kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà. Pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń wò ó bíi pé ó jalè, ó dun Fadérera ju bébà náà lọ.

“Sábẹ̀, ní òdìkejì bodè, ni mò ń lọ,” ni Òyédìran wí nígbà tó yá. “Òfin wọn kò dé ọ̀hún. Ṣùgbọ́n aago mẹ́rin ni bodè ń tì, ọ̀la ni wọ́n sì máa gbé ẹ̀rọ tó ń dá ohùn mọ̀ débẹ̀. Ọ̀nà Ìgbín ò lè gbé wa débẹ̀ lónìí.”

“Ẹ ò ṣe tú ọkọ̀ tèmi náà sílẹ̀?”

“Ọkọ̀ tó gba ẹ̀bùn, bí mo bá fọwọ́ kàn án, á ké sí wọn. Ìbéèrè wọn nìkan ló kù. Bó bá bi ọ́ pé ta lo gbé, pe orúkọ mi.”

“Orúkọ wo?”

“Òyédìran.”

Fadérera fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Nǹkan yẹn mọ ohun tó ò ń sọ, kò mọ ìdí tó o fi ń sọ ọ́,” ni Òyédìran ń bá ọ̀rọ̀ lọ. “Kò ṣe ìyàwó nílé ẹnikẹ́ni rí. Lójú rẹ̀, Agùntáṣọọ́lò ni gbogbo ayé ń pè mí. Bó bá gbọ́ tó o pe ẹnì kan ní Òyédìran gbalaja, ẹlòmíràn nìyẹn. Wọ́n ò sì wá Òyédìran. O ò ní purọ́, nítorí náà kò ní rí irọ́ nínú ohùn rẹ.”

“Ẹnu mi ò ní gbà á.”

“Ẹnu rẹ ló kó mi sí i.”

Atẹ́gùn fẹ́ lórí ọgbà iṣu. Fadérera ronú sí i, ó sì rí ohun tí ọkùnrin náà fi lé e lọ́wọ́. Bí orúkọ méjèèjì bá fi lè pàdé ní ẹnu rẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn, ó parí fún Òyédìran, iná kíákíá títí ayé yóò sì di ti ẹni tó pè é.

“Ẹ ò bẹ̀rù pé n ó ta yín?” ló béèrè.

“Mò ń bẹ̀rù,” ni Òyédìran dáhùn, ó dé fìlà rẹ̀, ó sì ṣáájú padà sọ́kọ̀.

Etí nìkan ni ìjọba gbà kí ilé-iṣẹ́ fi sínú ọkọ̀, wọn ò gbà kí wọ́n fi ojú sí i. Fadérera ń dúpẹ́ òfin yẹn bó ṣe ń ti ilẹ̀kùn, nítorí ọkọ̀ kò lè rí bí ẹni tó wà lẹ́yìn ti ga tó. Ó wa ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà kejì. Okùn iná sọ̀ kalẹ̀, ó dúró sí ìwọ̀n ìka kan sí ihò ọkọ̀, kò wọlé.

“Màmá, ẹ káàbọ̀,” ni Ọmọ Dáadáa wí. “Ta ni ẹ gbé lónìí?”

“Òyédìran.”

Ó bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí egungun tó há. Láti ọdún mọ́kàndínlógún, kò pè é rí, àní nígbà tí wọ́n jọ ń sunkún lórí òkú ọkọ rẹ̀.

“Ẹ ṣeun. Níbo ló ń lọ?”

“Òkèrètè.”

“Kí ló pa yín pọ̀?”

“Àbúrò ọkọ mi ni.”

Ìbéèrè mẹ́ta pé. Okùn iná kò mira. Iná kékeré aláwọ̀ ewé náà kò kú, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀.

“Màmá, ẹ má bínú,” ni ohùn náà tún wí, pẹ̀lẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. “Ẹnì kan wà tí ẹ máa ń dárúkọ, Agùntáṣọọ́lò. Ṣé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ ń lọ?”

Kò bi í ní ìbéèrè kẹrin rí. Fadérera wo díńgí. Òyédìran ti di ojú.

“Rárá,” ló dáhùn. “Mi ò lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.” Òótọ́ ni. Lẹ́yìn náà ni ohun kan gbé e, ó yíjú sẹ́yìn, ó sì jágbe mọ́ ọkùnrin tó gbà á lọ́wọ́ ẹbí: “Òyédìran, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lára ìjókòó mi. Ṣé o ò rí i pé ẹrẹ̀ ló wà lábẹ́ bàtà rẹ ni?”

Ọkùnrin náà gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà, okùn iná wọlé, ó dún tó, iná sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ inú ọkọ̀. Fadérera wo díńgí lẹ́ẹ̀kejì. Òyédìran ń wò ó, ojú rẹ̀ ti rọ̀, omi wà níbẹ̀. Ó ti gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fẹ́ fi ìgbàgbọ́ náà ṣe mọ́.

Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n dé Òkèrètè. Fadérera fi fóònù sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó sin ín dé ìdí igi kajú kan, níbi tí wọ́n ti ń wo ọ̀pá bodè. Ó la ẹnu láti kí i gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń kí i.

“Má pè é,” ni Òyédìran yára wí. “Má tún pè é mọ́, nílé tàbí lóko. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n á mọ̀ pé mo ṣì wà nítòsí rẹ.”

“Kí ni kí n wá máa pè yín?”

“Òyédìran ni mò ń jẹ́.”

“Mi ò lè pè é mọ́ láéláé. Èyí tí mo pè yẹn ti pọ̀ jù.”

“Nígbà náà, má pè mí rárá.” Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. “Bàtà mi ò tilẹ̀ ní ẹrẹ̀.”

Fadérera kúnlẹ̀ sórí erùpẹ̀ gbígbóná, ó sì ń sunkún. Ọkùnrin náà gbé e dìde, ó fi ọwọ́ kàn án lórí lẹ́ẹ̀kan, ó kọjá bodè. Ó ga ju gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ lọ, orí rẹ̀ sì pẹ́ lójú kó tó pòórá.

Fadérera ti tó ìdajì ọ̀nà padà sí Ìdí-Emì kí ohùn náà tó sọ̀rọ̀.

“Màmá, láti àárọ̀ ni ẹ ò ti dárúkọ Agùntáṣọọ́lò. Ẹ máa ń dárúkọ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣé àlàáfíà ló wà?”

Fadérera di ìdarí ọkọ̀ mú. Ó mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, wọ́n á wá ìdí ìdákẹ́ náà kiri. Ó ro ti ọkùnrin gígùn tó gba àpótí lórí rẹ̀, tí kò ní lè pè mọ́ láti ojúlé tàbí láti ìdí ààrò.

“Ó ti kú,” ló wí. “Kò sí Agùntáṣọọ́lò mọ́.” Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ẹkún gbà á lẹ́nu, torí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe rí lọ́kàn rẹ̀.

Iná aláwọ̀ ewé náà tàn, ó kú, ó tún tàn.

“Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Màmá. Ohùn yín fi hàn pé òótọ́ ni. Ilé-iṣẹ́ Ìtànṣán bá yín kẹ́dùn, a sì ti fi oṣù mẹ́ta kún ẹ̀bùn yín. Kí ni orúkọ àbísọ olóògbé, ká lè kọ ọ́ sínú ìwé ìkẹ́dùn?”

Èsì kan ti dé orí ahọ́n rẹ̀, èsì tí ìyàwó ilé èyíkéyìí yóò fọ̀: a kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. Ó ku díẹ̀ kó sọ ọ́. Ìgbà náà ló rí i pé gbólóhùn yẹn gan-an ni kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ń wá: yóò sọ fún wọn pé ọmọ ilé ọkọ òun ni Agùntáṣọọ́lò. Ó gé ahọ́n jẹ títí ó fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò.

“Ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ mí,” ló wí. “Má bi mí ní nǹkan kan.”

“A gbọ́, Màmá. A ó tún béèrè lọ́la.”

Ní Ìdí-Emì, bí ọkọ̀ ti yọ, ẹnu ọ̀nà kejì ṣí fúnra rẹ̀, okùn iná sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ láìdúró de ìbéèrè. Fadérera kọjá níwájú rẹ̀. Ó yí ọkọ̀ po, ó lọ dúró sí ìdí ìlà gígùn Ọ̀nà Ìgbín, ó pa á, ó ju fóònù sórí ìjókòó, ó sì rìn dé abẹ́ àtíbàbà. Àwọn tó ń ta ayò gbójú sókè.

“Ta ló kẹ́yìn?” ló béèrè.

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó dúró síbẹ̀, ojú rẹ̀ wú, erùpẹ̀ Òkèrètè wà lórúnkún ìró rẹ̀. Ó tún un bi wọ́n. Bàbá Lánihún wo ọkọ̀ tó jìnnà, ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó ṣófo, ó tún wo erùpẹ̀ orúnkún náà.

“Èmi ni,” ni bàbá náà wí níkẹyìn. “Ṣùgbọ́n má tíì sún mọ́ wa.”

Fadérera jókòó sórí òkúta kan níbi tí òjìji àtíbàbà mọ. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ẹnì kan ti ìlàjì àgbàdo sísun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò wo ojú rẹ̀. Wákàtí mẹ́ta ló fi jókòó síbẹ̀, iná ń kán, ẹnikẹ́ni kò sì bi í léèrè ohunkóhun.